Lovejoy, oníṣòwò ẹrù àtijọ́: gbèsè wà lọ́rùn ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀daràn kì í bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀

Ọkùnrin kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bó bá wọ yàrá tí wọ́n kó àga, àwo, aago àti oríṣiríṣi ẹrù àtijọ́ jọ sí, kò tíì ní í fọwọ́ kan nǹkan kan tí ara ẹ̀ yóò ti sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un. Yóò kàn dúró sáàárín ilé ni. Bí ojúlówó kan ṣoṣo bá wà láàárín ọgọ́rùn-ún pàǹtí, àyà ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì, bíi pé agogo kan ń dún nínú ẹ̀, òógùn á sì bò ó. Bó bá jẹ́ pé ayédèrú ni gbogbo wọn, àyà ẹ̀ kò ní í mì rárá. Àwọn oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tó bá ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀, divvie ni wọ́n ń pè é. Orúkọ ọkùnrin tiẹ̀ ni Lovejoy. Lovejoy náà ni gbogbo ayé sì ń pè é, kò sí orúkọ mìíràn lẹ́nu wọn.

Kẹ́nikẹ́ni má wulẹ̀ wọkọ̀ òfúrufú lọ wá a ní London o. Inú ìwé ìtàn ni wọ́n bí i sí, orí tẹlifíṣàn ló sì ti di gbajúmọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dà á láàmú nínú ìtàn yẹn, ìyẹn kéèyàn mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn lásán rárá. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá dé Ilé-Ifẹ̀, ẹ ó sì rí i bó ṣe kàn wá kí ọ̀rọ̀ yìí tó parí.

Lovejoy kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, kò sì sẹ́ni tó gbà á síṣẹ́ ìwádìí. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé kó ra àga tí ìyá àgbà kan fẹ́ sọnù, kó tà á lówó ńlá fún olówó tó ń wá nǹkan tí yóò fi ṣe fọ́rífọ́rí. Àmọ́ owó kì í dúró lọ́wọ́ ẹ̀. Ó jẹ gbèsè káàkiri, obìnrin kì í sì í tán lọ́rọ̀ ẹ̀. Bó bá rí owó lónìí, ẹrù àtijọ́ mìíràn ni yóò fi rà lọ́la, ebi á tún máa pa á. Ibi tó bá ti ń sá kiri nítorí àtijẹ yìí ni yóò ti kọsẹ̀ lára òkú, tàbí olè, tàbí gbájú-ẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá sì ti kùnà láti mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi náà, Lovejoy ni yóò tú àṣírí ẹ̀, nítorí pé ó mọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pààyàn, ó sì mọ̀tàn ẹ̀.

ÌBỌN TÍ GBOGBO WỌN NÍ KÒ SÍ

Ìwé àkọ́kọ́ tí Lovejoy ti jáde ni The Judas Pair, ọdún 1977 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Nínú ẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Field wá bá a pé kó bá òun wá ìbọn ìléwọ́ méjì kan tí wọ́n ṣe ní ìbejì. Ìbọn ìgbà láéláé ni, irú èyí tó ń fi òkúta ṣáná bíi ṣakabùlà. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń parí ìjà nígbà náà. Bí ẹnì kan bá rí ẹnì kejì fín, wọ́n á pàdé ní pápá láàárọ̀ kùtù, wọ́n á jìnnà síra wọn, kálukú á yìnbọn tiẹ̀. Ẹni tó bá délé ló jàre.

Durs Egg ni alágbẹ̀dẹ tí wọ́n ní ó rọ ìbọn yìí. Durs Egg kì í ṣe ẹni inú ìtàn o. Ọmọ ilẹ̀ Switzerland ni, ó wá dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní London, ó sì wà lára àwọn tó mọ ìbọn rọ jù lọ nígbà ayé ẹ̀ kó tó kú ní 1831. Ohun tí òǹkọ̀wé fi kún un ni pé ìbejì ìbọn méjìlá ni àwọn oníṣòwò gbà pé Egg rọ fún irú ìjà yẹn. Ìkẹtàlá ni wọ́n ń pè ní ti Júdásì, wọ́n sì gbà pé àlọ́ lásán ni. Ẹni tó bá sọ pé òun rí i, ńṣe ni wọ́n á fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Lovejoy náà kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Àmọ́ Field ní ìbọn yìí gan-an ni wọ́n fi pa ọmọ ìyá òun. Bí Lovejoy bá lè rí ìbọn, ó ti rí apànìyàn nìyẹn. Ọlọ́pàá á béèrè pé ta ni òkú bá jà. Lovejoy ní tiẹ̀ á béèrè pé ta ló ta ẹrù yìí, ta ló rà á, ọwọ́ ta ló wà kó tó dé ọwọ́ ẹni tó kú? Ó ń tọ ìbọn náà lẹ́yìn láti ọwọ́ dé ọwọ́, láti gbàǹjo kan dé òmíràn. Kì í ṣe pé ó rọrùn fún un o. Kó tó débi tó ń lọ, wọ́n pa ẹnì kan tó sún mọ́ ọn, ikú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú òun náà nínú ilé ara ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó wà nídìí ẹ̀ kó lọ wá ìwé náà kà.

DÓKÍTÀ TÓ FI ORÚKỌ ÀYÉDÈRÚ KỌ ÌTÀN AYÉDÈRÚ

Jonathan Gash ni orúkọ tó wà lẹ́yìn ìwé náà. Ẹ wá wò ó o, ayédèrú ni orúkọ yẹn pàápàá. John Grant ni orúkọ tí bàbá àti ìyá ẹ̀ sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní ìlú Bolton ní 1933, dókítà oníṣègùn sì ni. Ó ṣe dókítà nínú iṣẹ́ ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1971 títí di 1988, òun ni olórí ẹ̀ka tó ń rí sí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àrùn, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìlú London tó ń kọ́ àwọn dókítà nípa àrùn ilẹ̀ olóoru. Ìyẹn ni pé ọ̀sán ló ń wá kòkòrò àrùn kiri, nígbà tó bá ráyè, á tún máa wá apànìyàn kiri nínú ìwé.

Níbo ló ti wá mọ ọ̀rọ̀ ẹrù àtijọ́ tó bẹ́ẹ̀? Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà, kó lè rówó ná, ó lọ ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní ọjà ẹrù àtijọ́ tó wà ní Cutler Street, ní ìlà-oòrùn London. Ibẹ̀ ló ti rí bí wọ́n ṣe ń náwó, bí wọ́n ṣe ń parọ́, bí wọ́n ṣe ń fojú wọn oníbàárà láti orí dé ẹsẹ̀ kí wọ́n tó pe iye tí ọjà jẹ́. Gbogbo ẹ̀ ló kó sínú ìwé. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ ìtàn ọ̀daràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún The Judas Pair ní ẹ̀bùn John Creasey, tí wọ́n máa ń fún ìwé àkọ́kọ́ tó bá dára jù. Láti ìgbà náà, ó di ìwé Lovejoy mẹ́rìnlélógún, èyí tó kẹ́yìn jáde ní 2008. Nínú ọ̀kan tó ń jẹ́ The Vatican Rip, tó jáde ní 1981, wọ́n fipá mú Lovejoy pé kó lọ jí tábìlì àtijọ́ kan gbé nínú ààfin Póòpù ní Róòmù. Ẹ ò rí ọ̀rọ̀!

ÀṢÍRÍ ỌJÀ

Adùn tó wà nínú ìtàn Lovejoy ni pé bó ṣe ń wá ọ̀daràn kiri, bẹ́ẹ̀ ló ń tú àṣírí ọjà sílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ tiẹ̀ tán, bóyá ni wọ́n tún lè rí i rẹ́ jẹ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ gbàǹjo. Ká ní wọ́n fẹ́ lu àga kan ní gbàǹjo, oníṣòwò mẹ́fà ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló mọ̀ pé owó ńlá ni àga náà. Wọ́n á ti fojú bára wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ẹnì kan péré ló máa nawọ́, àwọn márùn-ún yòókù á máa wòkè bíi pé àga náà kò kàn wọ́n. Ọjà á bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní pọ̀ọ́kú. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á pàdé ní ilé ọtí, wọ́n á ṣe gbàǹjo tiwọn láàárín ara wọn, wọ́n á sì pín èrè ẹ̀. Opó tó ni àga ti padà sílé, kò mọ̀ pé wọ́n ti yan òun jẹ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣòfin lòdì sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ láti 1927, ṣùgbọ́n nínú ìtàn Lovejoy, àwọn ará ọjà ń ṣe é bí ẹni pé wọn ò gbọ́ pé òfin kankan wà.

Ọ̀rọ̀ igi ńkọ́? Bí àga bá pẹ́, kòkòrò á dá ihò sí i lára. Àwọn gbájú-ẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbé ohun tí wọ́n fi ń lu igi, wọ́n á dá ihò sára àga àná. Ṣùgbọ́n kòkòrò kì í rìn tààrà. Ihò tiẹ̀ máa ń wọ́ kọrọkọrọ nínú igi ni. Ihò irin ló máa ń lọ gbọnrangandan. Ẹni tó bá ki abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, tí abẹ́rẹ́ náà sì wọlé wọ̀ọ̀, kó sáré gba owó ẹ̀ padà. Àwọn mìíràn á mú òkè kọ́bọ́ọ̀dù kan, wọ́n á gbé e lé ìsàlẹ̀ òmíràn, wọ́n á ní ọdún kan náà ni wọ́n kàn án. Àwọn oníṣòwò náà ní orúkọ fún un, ìgbéyàwó ni wọ́n ń pè é! Ti fàdákà tún wà níbẹ̀. Lára ojúlówó fàdákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń tẹ àmì sí i. Orí ẹkùn ni ti London, ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi ni ti Birmingham, lẹ́tà kan á sì sọ ọdún tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá lè ka àmì yẹn ti mọ ibi tí ṣíbí náà ti wá àti ọjọ́ orí ẹ̀, bí ìgbà tí àwọn àgbà bá wo ilà ojú ọmọdé tí wọ́n sì mọ ilé bàbá ẹ̀.

ÌGBÀ TÓ DÉ ORÍ TẸLIFÍṢÀN

Ní 1986 ni ilé iṣẹ́ BBC gbé Lovejoy sórí tẹlifíṣàn. Ian La Frenais ló sọ ìwé náà di eré, Ian McShane ló sì ṣe Lovejoy fúnra ẹ̀. Eré náà wọ̀ wọ́n lára, àmọ́ lẹ́yìn tí apá kìíní parí, ńṣe ni gbogbo ẹ̀ dákẹ́ fún ọdún márùn-ún gbáko. Ìgbà tí yóò fi padà ní 1991, àwọn èèyàn ò tíì gbàgbé ẹ̀. Ó ń lọ títí di 1994, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ sì jẹ́ mọ́kànléláàádọ́rin.

Ohun kan tí McShane máa ń ṣe tó dùn mọ́ àwọn òǹwòran ni pé, bí eré bá ń lọ lọ́wọ́, á kàn yíjú sí wọn, á bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ fún wọn, bí ìgbà tí ìyá aládùúgbò bá yọrí lójú fèrèsé láti sọ àṣírí ilé kejì. Ẹni tó wà níwájú ẹ̀ nínú eré kò ní í mọ̀ pé ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn òun.

Àwọn tó yí i ká tún dùn ún wò. Tinker Dill, tí Dudley Sutton ṣe, ni bàbá tó ń bá a ṣòfófó ẹrù kiri, ọtí ò sì jìnnà sí i. Eric Catchpole, tí Chris Jury ṣe, ni ọmọ iṣẹ́ tí bàbá ẹ̀ ń sanwó kí Lovejoy lè kọ́ ọ níṣẹ́, bẹ́ẹ̀ owó yẹn ni ọ̀gá ń rí jẹun. Lady Jane, tí Phyllis Logan ṣe, ni olówó obìnrin tí ilé ẹ̀ tóbi bí ààfin. Òun ló máa ń gbà á nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wọ́, ìfẹ́ sì wà láàárín wọn tí ẹnu ò gbọdọ̀ sọ, nítorí abilékọ ni. Charlie Gimbert, tí Malcolm Tierney ṣe, ni elénìní ẹ̀ nídìí òwò. Ìgbèríko Suffolk àti Essex ni wọ́n ti ya eré náà, láàárín àwọn ilé àtijọ́ tó wà ní Lavenham àti Long Melford.

Ẹni tó bá ti ka ìwé náà kó tó wo eré yóò rí i pé Lovejoy tinú ìwé burú ju èyí lọ. Ọwọ́ ẹ̀ máa ń yá, ó ń lu obìnrin, ó sì ń lu èèyàn ní jìbìtì láìwẹ̀yìn. Orí tẹlifíṣàn ni wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ mọ́, tí wọ́n sọ ọ́ di ẹni tí ìyàwó ilé lè máa wò pẹ̀lú ọmọ.

McShane náà kì í ṣe ọmọ tálákà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Harry, bàbá ẹ̀, gbá bọ́ọ̀lù fún Manchester United láyé àtijọ́. Lẹ́yìn Lovejoy, ó rékọjá sí Amẹ́ríkà, ó gba ẹ̀bùn Golden Globe ní 2005 fún eré tó ń jẹ́ Deadwood. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọn ò gbọ́ Lovejoy rí mọ̀ ọ́n dáadáa nínú fíìmù John Wick, òun ni Winston, ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn apànìyàn ń wọ̀ sí. Dudley Sutton tó ṣe Tinker ti kú ní 2018.

ÈYÍ TÓ KÀN WÁ NÍBẸ̀

Kò sí ohun tó ṣàjèjì sí Yorùbá nínú irú ìtàn yìí. Ẹni tó bá ka Àjà Ló Lẹrù, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé jáde ní 1969, ti bá Lápàdé pàdé. Òun náà kì í ṣe ọlọ́pàá mọ́, síbẹ̀ ó ń wá ọ̀daràn kiri, ó sì ń pani lẹ́rìn-ín. Àmọ́ Lápàdé kì í ṣòwò ẹrù àtijọ́. Ìtàn ẹrù àtijọ́ tó dà bíi ti Lovejoy tún wà nílẹ̀ wa o, kò sì sí nínú ìwé ìtàn àròsọ, ó ṣẹlẹ̀ lójú ayé.

Ní 1910, òyìnbó Jámánì kan tó ń jẹ́ Leo Frobenius dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí ère orí kan tí wọ́n fi idẹ ṣe, tó dé adé, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Orí Olókun. Ó sanwó, ó fẹ́ gbé e lọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso nígbà náà dá a dúró, wọ́n ní kó dá a padà. Ọ̀rọ̀ parí, àbí? Rárá o. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ idẹ yẹ orí tó wà nílẹ̀ wò, wọ́n ní kì í ṣe bí àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ ṣe ń rọ idẹ nìyẹn. Wọ́n ní ayédèrú ni. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè ti gba ẹnu èèyàn: níbo ni ojúlówó wà? Ta ló pààrọ̀ ẹ̀?

Ní 1978, ọ̀rọ̀ náà dé etí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pé ojúlówó Orí Olókun wà ní Bahia, ní Brazil, nílé ẹnì kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Pierre Verger, òyìnbó Faransé tó gbajúmọ̀ nídìí ìmọ̀ Ifá àti Òrìṣà. Ṣóyínká ò pe ọlọ́pàá. Òun fúnra ẹ̀ ló wọkọ̀ òfúrufú, ó dé Bahia, ó fọgbọ́n gbé orí náà kúrò nínú ilé. Ẹni tó bá jẹ́ Lovejoy, àyà ẹ̀ ì bá ti sọ fún un. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, lẹ́tà méjì ni wọ́n bá lára ẹ̀: BM. British Museum! Ẹ̀dà tí wọ́n ń ṣe fún títà ni. Òun fúnra ẹ̀ ló fẹnu ara ẹ̀ ròyìn gbogbo ẹ̀ nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀ tó jáde ní 2006, kò fi bò. Verger ní tiẹ̀ bínú gidigidi, àárín wọn sì dàrú.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó parí sí. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ère Ifẹ̀ lọ ṣàfihàn ní London ní 2010, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tún fara balẹ̀ yẹ Orí Olókun tó ti Nàìjíríà lọ wò, èyí tí wọ́n ti pè ní ayédèrú láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n fi irinṣẹ́ tí kò sí láyé nígbà àkọ́kọ́ wò ó. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2013 ni pé ó jọ pé ojúlówó ni. Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí òkun, tí wọ́n ń torí ẹ̀ ba ọ̀rẹ́ jẹ́, ó jọ pé ilé ló wà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń wá a, tí wọ́n ń wò ó bí páńda.

Ohun tí Lovejoy ń fi ẹ̀fẹ̀ kọ́ àwọn èèyàn nìyẹn. Olè lè jí ẹrù, ọlọ́pàá sì lè gbà á padà. Àmọ́ bí ẹni tó ni ín kò bá mọ̀ ọ́n mọ́, tó jẹ́ pé ẹnu àlejò ló fi ń mọ ohun tó jẹ́ tiẹ̀, ta ni yóò bá a gbà á? Kálukú kó tún padà wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bàbá bàbá ẹ̀. Opón tí wọ́n fi ń bo odù omi, agogo idẹ tó ti dípẹtà, aṣọ òkè tí ìyá àgbà ká sísàlẹ̀ àpótí. Kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó kù nílé pé ta ló ṣe é, ta ló ni ín, báwo ló ṣe dé ibí. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Nítorí oníṣòwò ẹrù àtijọ́ kan lè kan ilẹ̀kùn lọ́la, kó ní òun fẹ́ bá wọn palẹ̀ pàǹtí mọ́. Bó bá sì ti ń làágùn kó tó jókòó, ẹ má tà á.